Àwọn Tí Kò Rí Ẹni Gbé Òkú Wọn Relé



Gbogbo àwa tí a ń gbé ìdálẹ̀ ni a mọ ìdí tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi máa ń ṣe ìpàdé lẹ́yìn Mísà. Ọ̀rọ̀ ìlú ni a máa ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kan wà nídìí owó tí a ń dá: bí ọlọ́jọ́ bá dé bá ọ̀kan nínú wa níhìn-ín, ta ni yóò wẹ̀ ẹ́, ta ni yóò ra pósí, ta ni yóò gbé e relé? Lónìí, a fẹ́ sọ ìtàn àwọn ènìyàn kan tí ìbéèrè yìí kàn jù wá lọ, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn wá ìdáhùn sí i.

Ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní Angola. Odò Mississippi yí i ká ní ìhà mẹ́ta, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó 18,000 éékà. Oko ẹrú ni kí ó tó di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Isaac Franklin, oníṣòwò ẹrú, ni ó ni ín ní ìgbà kan, orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú wá ni wọ́n sì fi sọ oko náà. Lẹ́yìn tí òfin ti fòpin sí ẹrú níní, Samuel James ń gba ẹlẹ́wọ̀n háyà lọ́wọ́ ìjọba, ó sì ń kó wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1880. Ní 1901 ni ìjọba gba àkóso wọn padà. Orúkọ kò yí padà, oko kò yí padà, aláwọ̀ dúdú ni ó sì tún pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ro ó. Ìyà ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlẹ́wọ̀n 31 fi gé iṣan gìgísẹ̀ ara wọn ní 1951, kí ayé lè gbọ́.

Síbẹ̀, ìrètí kan wà nígbà náà. Ẹni tí a bá rán ní ẹ̀wọ̀n gbére, bí ó bá hùwà dáadáa fún ọdún 10 àti oṣù 6, tí ọ̀gá ọgbà sì jẹ́rìí sí i, ó lè padà sílé. “Mẹ́wàá-mẹ́fà” ni wọ́n ń pè é. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí sún ọdún náà síwájú, nígbà tí ó sì di 1979, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa. Láti ìgbà náà, títí ikú ni ẹ̀wọ̀n gbére ní Louisiana, àfi bí gómìnà bá ṣàánú. Ní nǹkan bí ọdún 2000, nǹkan bí 5,000 ẹlẹ́wọ̀n ni ó wà ní Angola, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ni kò sì ní ìrètí àtijáde láàyè. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ti àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ dùn rárá, ilé kò sì sí láti re.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì wá gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn pa ènìyàn, àwọn ẹbí ẹni tí wọ́n pa sì ń sunkún títí di òní. Wilbert Rideau, tí ó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn àwọn ẹlẹ́wọ̀n, The Angolite, láti 1976, pa òṣìṣẹ́ báńkì kan ní 1961. Kò sẹ́ ẹ. Ọdún 44 ni ó lò kí ó tó jáde ní 2005.

Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀mí ara wọn ró. Àwọn kan dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sílẹ̀, àwọn kan ń kọ́ ara wọn ní ìwé, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbére sì wà. Ní àwọn ọdún 1980, Norris Henderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Angola Special Civics Project sílẹ̀. Wọ́n ń ka ìwé òfin, wọ́n sì ń bẹ àwọn ẹbí wọn níta pé kí wọ́n jáde dìbò, nítorí ẹlẹ́wọ̀n kò lè dìbò. Ní 1990, òfin kan jáde tí ó fún ẹni ọdún 45 tí ó ti lo ọdún 20 láǹfààní láti bẹ̀bẹ̀ fún ìtúsílẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n gbére kò sí nínú rẹ̀. Henderson jáde ní 2003, ó sì wà lára àwọn tí ó ṣíwájú ìjà tí ó mú kí àwọn olùdìbò Louisiana pa òfin kan rẹ́ ní 2018, òfin tí ó gbà kí ènìyàn 10 nínú àwọn ará ìlú 12 tí ń gbọ́ ẹjọ́ dá ènìyàn lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ikú ni a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń darúgbó tí ó sì ń kú sí Angola. Ẹbí àwọn kan ti kú tán, ti àwọn mìíràn kò lówó, ti àwọn mìíràn kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn mọ́. Ní 1998, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú láti New Orleans, wọ́n ya yàrá sọ́tọ̀ nílé ìwòsàn ọgbà náà fún àwọn tí ikú ti súnmọ́, àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn sì yọ̀ǹda ara wọn láti máa tọ́jú wọn. Wọ́n kọ́ bí a ti ń wẹ aláìsàn, bí a ti ń yí i padà kí ara rẹ̀ má baà bó, bí a ti ń pààrọ̀ aṣọ tí ó ti bàjẹ́ láìfi ojú pọ́n ọn. Nígbà tí ó bá ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n a máa pín ọ̀sán pín òru láti jókòó tì í, kí ó má baà dá kú. Ọkùnrin tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn nígbà èwe rẹ̀ ni ó ń di ọwọ́ ọkùnrin mìíràn mú títí ẹ̀mí fi bọ́. Wọ́n ń fi àjákù aṣọ rán kúbùsù tà fún àlejò, láti fi rí owó ìtọ́jú náà.

Àwa tí a ń bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò máa ń rò pé àwa ni a ń gbé nǹkan lọ bá wọn. Ìtàn yìí ti ojú wa díẹ̀. Síbẹ̀, a kò lè tìtorí rẹ̀ yin òfin tí ó fi arúgbó tí kò lè rìn mọ́ sínú àhámọ́. Henry Montgomery wọlé ní ọmọ ọdún 17, ní 1963, nítorí pé ó pa ọlọ́pàá kan. Ẹjọ́ rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ó sì borí ní 2016, ṣùgbọ́n 2021 ni ó tó jáde, ní ẹni ọdún 75.

Ti pósí ńkọ́? Èyí tí ìjọba ń rà kò lágbára. Nígbà ìsìnkú kan, ìdí rẹ̀ já, òkú sì já bọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà inú ọgbà ti ń kan pósí onípákó fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ẹṣin ni ó ń fa kẹ̀kẹ́ òkú lọ sí Point Lookout, itẹ́ òkú wọn, àwọn ẹlẹ́wọ̀n a sì máa kọrin tẹ̀lé e. Olókìkí oníwàásù nì, Billy Graham, àti aya rẹ̀, lo irú pósí náà. Aya rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kú ní 2007, ọdún kan náà tí olórí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà náà kú sí Angola. Nígbà tí Graham kú ní 2018, wọ́n tẹ́ ẹ nítẹ̀ẹ́ ẹ̀yẹ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington. Wọ́n ti fi iná kọ orúkọ ẹlẹ́wọ̀n mẹ́ta tí ó kan pósí náà sára igi rẹ̀.