Bandung 1955: Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, Amẹ́ríkà àti Soviet Union, tí wọ́n jọ ṣẹ́gun Jámánì, kọ̀yìn síra wọn. Amẹ́ríkà ní kápítálísíìmù ni yóò tún ayé ṣe: kí oníkálukú ní ohun ìní tirẹ̀, kí ará ìlú sì dìbò yan olórí. Soviet ní kọ́múníísíìmù ló tọ́: kí ilẹ̀ àti ilé iṣẹ́ di ti ìjọba, kí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo máa darí. Kálukú ń wá ọmọlẹ́yìn.

Ní oṣù Kẹrin 1955, aṣojú orílẹ̀-èdè 29 láti Éṣíà àti Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ tẹ̀lé ìkankan nínú àwọn méjèèjì, pàdé ní Bandung, Indonesia. Sukarno, ààrẹ Indonesia, ló gbà wọ́n lálejò; Nehru ti Íńdíà, Nasser ti Íjíbítì àti Zhou Enlai ti Ṣáínà wà níbẹ̀. Gold Coast, tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, rán aṣojú lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì gba òmìnira. Gbọ̀ngàn tí wọ́n lò, ibi fàájì àwọn ọ̀gá òyìnbó ará Netherlands ni tẹ́lẹ̀. Sukarno sọ ọ́ ní Gedung Merdeka: Ilé Òmìnira.

Ẹnu wọn kò kò. Kotelawala, olórí ìjọba Ceylon, tí a mọ̀ sí Sri Lanka lónìí, ní bí a bá ń bá àwọn òyìnbó amúnisìn wí, ká má gbàgbé pé Soviet náà ń tẹ ìlà-oòrùn Yúróòpù mọ́lẹ̀. Awuyewuye bẹ́ sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n rí gbólóhùn tí gbogbo wọn lè fọwọ́ sí: ọ̀nà yòówù kí ìmúnisìn gbà yọjú, ohun búburú ni.

Ní 1961, ní Belgrade, orílẹ̀-èdè 25 dá ẹgbẹ́ àwọn tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Íńdíà àti Ṣáínà, tí wọ́n jọ jókòó ní Bandung, gbé ogun ko ara wọn lórí ọ̀rọ̀ ààlà. Ìpinnu Bandung tóbi ju agbára àwọn tó ṣe é lọ.

Síbẹ̀, irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ti dé Nàìjíríà kí ogun yẹn tó bẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1960, nígbà tí àdéhùn ọ̀rọ̀ ológun láàárín Nàìjíríà àti Bírítéènì délé aṣòfin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbéra láti Ìbàdàn lọ sí Èkó láti fi ẹ̀hónú hàn, torí wọn kò fẹ́ kí Nàìjíríà gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kìíní 1962, ìjọba méjèèjì fagi lé e. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn kò dé Bandung rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé òmìnira tí kò lè sọ pé rárá, orúkọ lásán ni.