Igor Mozheiko: Onímọ̀ Ìtàn Tó Fi Orúkọ Ìyàwó Rẹ̀ Bojú

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ló kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìgbésí ayé Kir Bulychev, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì tí tọmọdé tàgbà mọ̀ jù lọ ní Rọ́ṣíà. Orúkọ yẹn kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Igor Mozheiko lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ orúkọ tí yóò máa fi kọ ìtàn, ó wo ilé lóòótọ́: ó yọ Kir láti inú Kira, orúkọ ìyàwó rẹ̀, ó sì mú Bulychev láti ara orúkọ ìdílé tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kó tó lọ sílé ọkọ. Láti 1965, tí ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ti ń jáde, títí di 1982, àwọn tó ń kà á kò mọ ẹni tó ń kọ ọ́.

Kí ló wá ń sá fún? Kò jalè, kò sì bú ìjọba. Ọ̀mọ̀wé ni, ó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní iléeṣẹ́ ńlá kan ní Moscow. Ẹ̀rù rẹ̀ ni pé bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ bá gbọ́ pé ó ń kọ ìtàn nípa àwọn àjèjì inú sánmà, wọ́n á ní kò mú iṣẹ́ rẹ̀ ní òkúnkúndùn, wọ́n sì lè lé e. Ìbẹ̀rù yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Láàárín àwa náà, a rí ẹni tó ń kọ ìtàn lóru tí kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí wọ́n má baà ní ìdí nìyẹn tí máàkì rẹ̀ fi lọ sílẹ̀. Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ṣe ní ká sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin yìí.

Ọjọ́ 18 oṣù October 1934 ni wọ́n bí Mozheiko ní Moscow. Èdè ilẹ̀ òkèèrè ló kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó parí ní 1957, wọ́n sì rán an lọ sí Bọ́mà láti ṣe ògbufọ̀. Orúkọ Bọ́mà kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, títí kan àwọn bàbá ńlá àwọn kan nínú wa, ti bá àwọn ọmọ ogun Japan jà nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun ló gbé àwọn bàbá wa débẹ̀. Iṣẹ́ èdè ló gbé Mozheiko dé ibẹ̀, ìlú náà sì wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó padà sílé ní 1959, ó wọ Iléeṣẹ́ Ìwádìí Ìmọ̀ Ìlà-Oòrùn, ó sì fi ìtàn Bọ́mà ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ní 1965, ó gba oyè àkọ́kọ́ lórí ìjọba Pagan, tó gbilẹ̀ ní Bọ́mà láàárín ọ̀rúndún 11 sí 13. Ní 1981, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé tó ga jù lórí àjọṣe àwọn mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà pẹ̀lú ìjọba Bọ́mà. Iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Ìkejì ni wọn ò mọ̀. Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì kan tó kọ ní 1965 jáde bíi pé òǹkọ̀wé ọmọ Bọ́mà kan tó ń jẹ́ Maung Sein Ji ló kọ ọ́, tí wọ́n kàn tú u sí èdè Rọ́ṣíà. Kò sí Maung Sein Ji kankan níbì kan. Mozheiko ló kọ ọ́, òun náà ló pe ara rẹ̀ ní ọmọ Bọ́mà.

Bí orúkọ Bulychev ṣe jáde pa wá lẹ́rìn-ín. Ní 1967, magasíìnì kan tó ń jẹ́ Iskatel ti tẹ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ tán, wọ́n ya dáínósọ̀ kékeré kan sínú ìgò sí ara rẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n yọ ìtàn tí àwòrán náà wà fún kúrò. Èèpo wà nílẹ̀, ìtàn kò sí. Àwọn tó ń bá magasíìnì náà ṣiṣẹ́ bá lọ sílé, oníkálukú wọn fi òru kan kọ ìtàn tó lè bá àwòrán náà mu. Ti Mozheiko ni wọ́n mú, ó sì fi Kir Bulychev sí i lábẹ́. Ìbéèrè ló fi ṣe àkọlé rẹ̀: ìgbà wo ni àwọn dáínósọ̀ kú tán?

Ṣùgbọ́n Alisa ló gbé e níyì jù. Ọmọbìnrin kékeré ni, ọgọ́rùn-ún ọdún tó ń bọ̀ ló ń gbé, bàbá rẹ̀ sì ni olórí ọgbà tí wọ́n ti ń sin ẹranko láti oríṣiríṣi pílánẹ́ẹ̀tì. Ibí yìí la ti rí i pé ọkùnrin yìí kò fara pa mọ́ tán. Alisa lorúkọ ọmọ tirẹ̀ gan-an. Igor ni bàbá Alisa inú ìwé ń jẹ́, Kira sì ni ìyá rẹ̀. Orúkọ tó yọ kúrò lára èèpo ìwé, inú ìwé ló kó o sí.

Ó tún dá ìlú kékeré kan sílẹ̀ tó pè ní Veliky Guslyar. Ìlú Veliky Ustyug ní àríwá Rọ́ṣíà ló fi ṣe àwòkọ́ṣe. Àwọn àjèjì láti sánmà kì í wọ́n níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń bá wọn lò bí ẹni ń bá aládùúgbò lò. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìtàn náà, ṣọ́ọ̀bù kan gba ẹja wúrà wọlé fún títà, ẹja kọ̀ọ̀kan sì lè ṣe ohun mẹ́ta tí ẹni tó rà á bá fẹ́.

Kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló wà níbẹ̀. Pereval, tó jáde ní 1980, ni àwa fẹ́ràn jù. Ọkọ̀ sánmà kan já sórí pílánẹ́ẹ̀tì tó tutù, tó sì kún fún ẹranko búburú. Àwọn tó yè tẹ abúlé dó sínú igbó, òkè ńlá sì wà láàárín wọn àti ọkọ̀ náà. Àwọn àgbà ń kọ́ àwọn ọmọ nípa Ayé tí àwọn ọmọ kò rí rí. Àwọn ọmọ mọ igbó ju àwọn àgbà lọ, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá gun òkè yẹn dé ìdí ọkọ̀, ohun tí àwọn àgbà mọ̀ yóò bá wọn wọlẹ̀. Ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìjọba Pagan ló mọ bí ìmọ̀ ṣe ń parun. Lójú wa, iṣẹ́ ọ̀sán rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ òru yẹn.

Ní 1982, àṣírí tú. Ìjọba Soviet Union fún un ní Ẹ̀bùn Ìjọba nítorí fíìmù méjì tó bá wọn kọ. Èkíní ni kàtúùnù nípa Alisa àti bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wá ẹranko kiri inú sánmà. Èkejì dá lórí ọmọbìnrin kan tí wọ́n fi ọwọ́ dá, tó padà sí pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí ìdọ̀tí àti èéfín ti bà jẹ́. Wọn kì í fún orúkọ àbùdá ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Orúkọ gidi ló gbọ́dọ̀ jáde. Ohun tó ti ń bẹ̀rù láti ọdún 17 dé. Wọn kò lé e. Ìwádìí tó yẹ kó ṣe, ó ti ń ṣe é ní àsìkò rẹ̀, oyè rẹ̀ sì ti pé ní ọdún tó ṣáájú. Iléeṣẹ́ yẹn ló sì wà títí ayé rẹ̀.

Ní 1985, tẹlifíṣọ̀n fi fíìmù alápá márùn-ún tí wọ́n gbé ka orí ìwé rẹ̀ hàn. Ọmọ ilé-ìwé kan tó ń jẹ́ Kolya rí ẹ̀rọ tó gbé e lọ sí ìgbà iwájú. Alisa sì wá a wá sí Moscow ti 1984. Kìkì Kolya ló mọ̀ pé òun ń wá, Kolya sì pé mẹ́ta nínú kíláàsì náà. Fíìmù yìí ló sọ Alisa di ti gbogbo ilé, wọ́n sì tún gbé fíìmù tuntun ka orí ìwé kan náà ní 2024. Bulychev kò bá wọn rí ìyẹn. Ó kú ní Moscow ní ọjọ́ 5 oṣù September 2003, ní ẹni ọdún 68.

A jiyàn lórí rẹ̀ láàárín ara wa. Àwọn kan ní ojo ni: ìgbà tí ìjọba yìn ín ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn. Àwọn mìíràn ní ọlọ́gbọ́n ni: bó bá tètè jẹ́wọ́, bóyá Pereval kì bá tí sí. Àwa tó kọ èyí gbà pé ó gbọ́n, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé kò dùn ún. Ẹ wo bàbá kan tí àwọn ọmọ ń jà du ìwé rẹ̀, tí kò sì lè sọ níbi iṣẹ́ pé, “Èmi ni.” Àṣìṣe ibẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ti ibi iṣẹ́ tí ènìyàn rò pé kò lè gba ìmọ̀ àti àròsọ mọ́ra pọ̀ ni.

Torí náà, ìwọ tí ò ń kọ̀wé lóru, tí o sì ń fi orúkọ mìíràn bojú, a kò ní ká tú àṣírí rẹ. Ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ ní ẹ̀ka rẹ kó pé, bí Mozheiko ti ṣe, kí ẹnikẹ́ni má rí ẹ̀sùn kà sí ọ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, máa kọ. Bí o bá sì ṣe tán láti fi orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ sọ ọ́ sí i lábẹ́, àwa yóò kà á.