Ọ̀pá, Ẹ̀tù àti Ọta: Ìtàn Ìbọn láti Àgbẹ̀dẹ Ìgbómìnà dé Ogun Kírìjì

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?" Òwe ẹ̀rù ni òwe yìí, òwe ìmọ̀ sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á mọ̀ pé ìbọn kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, bí kò ṣe àkójọpọ̀ ohun púpọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ balógun ni wọ́n sáábà máa ń dá, àti iye ìlú tí ó fọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń béèrè pé, ta ni ó tún ìbọn wọ̀nyẹn ṣe nígbà tí ọ̀pá wọn là? Ta ni ó wọn ẹ̀tù? Níbo ni ọta ti wá? Ìbéèrè wọ̀nyí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, ilẹ̀ Ìgbómìnà ni a ó sì fi ẹsẹ̀ lé.

Ọ̀rà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Ìgbómìnà. Lónìí ó wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sì jìnnà sí Òkè-Ìlá àti Ìlá Ọ̀ràngún. Ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni agbègbè yìí wà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Láti àríwá ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ti ń sọ̀ kalẹ̀. Láti ìwọ̀ oòrùn ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú ìbọn àti àwọn ajẹ́lẹ̀ wọn. Àwọn ìlú Ìgbómìnà wà láàárín méjèèjì bí àgbàdo tí a há sáàárín ọlọ àti ọmọ ọlọ. Fún irú ìlú bẹ́ẹ̀, alágbẹ̀dẹ kì í ṣe ẹni tí ń rọ ọkọ́ àti àdá nìkan. Ẹni tí ẹ̀mí ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Kí ìbọn tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ọrun àti ọfà, ọ̀kọ̀, idà àti àgẹ̀dẹ̀ǹgbé ni a fi ń jagun. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí a tẹ ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ pé nínú ogun Òwu, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1820, àwọn Ìjẹ̀bú ti ń lo ìbọn tí wọ́n rà ní etí òkun, nígbà tí àwọn Òwu gbẹ́kẹ̀ lé àgẹ̀dẹ̀ǹgbé wọn. Láti ìgbà náà lọ ni ìbọn ti ń wọ àárín ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, ó hàn gbangba pé ẹṣin kò lè fi gbogbo ìgbà borí ẹlẹ́sẹ̀ tí ó mọ igbó lò.

Ìbọn ìgbà náà ni èyí tí a ń pè ní ṣakabùlà. Ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn fún òwò etí òkun wa. Ọ̀pá rẹ̀ gùn, inú rẹ̀ sì ń dán láìní ìlà. Láti ẹnu ni a ti ń kì í. A ó kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí i, a ó fi ọ̀pá ìkìbọn tẹ̀ ẹ́, a ó fi èèpo tàbí àkísà dí i, lẹ́yìn náà ni a ó sọ ọta sí i. Bí apátí bá ṣubú, òkúta yóò lu irin, iná yóò ṣẹ́, yóò sì ran ẹ̀tù.

Ìbọn yìí lọ́ra, kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ojú ibi tí a dà á sí, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí ó mú kí ó bá ilẹ̀ wa mu: kò sí ohun tí ó bà jẹ́ lára rẹ̀ tí alágbẹ̀dẹ ìlú kò lè wá nǹkan ṣe sí. Bí ìdí rẹ̀ tí a fi igi ṣe bá ṣẹ́, agbẹ́gilére yóò gbẹ́ òmíràn. Bí apátí bá yẹ̀, ẹwìrì, ẹmú àti ọmọ owú yóò tún un rọ. Bí ẹnu ọ̀pá bá là, a lè gé ibi tí ó là kúrò, kí ìbọn kúrú díẹ̀, kí ó sì tún máa ṣiṣẹ́. Bí òjé bá wọ́n, alágbẹ̀dẹ a máa rọ ọta irin dípò ọta òjé. Ẹ̀tù nìkan ni ohun tí a gbára lé òkèèrè fún jù lọ, nítorí nínú àgbá ni ó ti ń ti etí òkun wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a rí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nílé.

Kì í ṣe ìwọ̀n kan náà ni gbogbo ìbọn ń gbà. Ọ̀pá tí ó nípọn lè gba ẹ̀tù tí yóò fọ́ ọ̀pá tí ó fẹ́lẹ́. Ọ̀pá tí ó ti gbó kò sì gbọ́dọ̀ gba ohun tí ó ń gbà nígbà èwe rẹ̀. Ọdẹ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa mọ ìwọ̀n ìbọn tirẹ̀ bí ìyá ti ń mọ ìwọ̀n oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìka ọwọ́ tàbí ojú rẹ̀ ni ó fi ń kọ́ ọgbọ́n. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ pé ọ̀pá, ẹ̀tù àti ọta gbọ́dọ̀ bára wọn mu kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí òyìnbó mú wá fún wa. Ó ti wà ní àgbẹ̀dẹ tipẹ́.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wá sí ogun Kírìjì. Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ọ̀tẹ̀ sì ràn ká gbogbo Èkìtì. Ní ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, ọdún náà, Ìbàdàn pàdé àwọn Ìlọrin, Ìlá, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Ìkìrun, ó sì ṣẹ́gun wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá lọ ni ó kú sínú odò Ọ̀tìn. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Ìṣẹ́gun yìí kò parí ọ̀ràn. Àwọn Èkìtìparapọ̀ tún ara wọn tò, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Wọ́n pàgọ́ sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, Ààrẹ Látòósà pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ, wọ́n sì dojú kọ ara wọn fún ọdún púpọ̀. Ìró ìbọn tí ń dún láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn ni a sọ pé ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀.

Inú ogun yìí ni ráífù ti dé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti oko ẹrú padà wá láti Sàró àti Brazil, dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ohun ìjà ránṣẹ́ sílé. Ọ̀nà Oǹdó ni ó wúlò fún wọn jù lọ, èyí tí Gómìnà Glover ti ṣí ní ọdún 1872, nítorí pé ọ̀nà náà kò gba ilẹ̀ Ìbàdàn kọjá. Ìbọn Snider wà nínú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹnu kò gba ìròyìn bí ìbọn yìí ti dẹ́rù ba Ìbàdàn nígbà tí ó kọ́kọ́ dún.

Ó tọ́ kí a mọ ohun tí Snider jẹ́, nítorí ìbọn àtúnṣe ni òun fúnra rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìbọn Enfield ti ọdún 1853, tí a ń kì láti ẹnu. Nígbà tí ayé yí padà, wọn kò dà á nù. Ní ọdún 1866 wọ́n tẹ́wọ́ gba ọgbọ́n Jacob Snider, ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n gé ìdí ọ̀pá ìbọn àtijọ́ náà, wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn irin kékeré kan sí i, kí a lè máa kì í láti ìdí. Ìlà tí ó lọ́ bí okùn wà nínú ọ̀pá rẹ̀. Ìlà yìí ni ó ń mú kí ọta yí bí òkòtó bí ó ti ń jáde, kí ó lè lọ jìnnà láìyẹ̀. Ẹni tí ó ń kì í kò nílò láti dìde dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò wọn ẹ̀tù mọ́, nítorí ẹ̀tù, ọta àti oògùn iná ti wà pọ̀ nínú kátíríìjì, ilé ọta tí a fi idẹ ṣe.

Inú kátíríìjì yìí ni ìṣòro wà. Alágbẹ̀dẹ wa lè tún irin ìdí Snider ṣe bí ó bá yẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tí yóò na idẹ di ilé ọta tí ó bá ìdí ìbọn mu gẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní oògùn kékeré tí ń gbaná ní ìdí rẹ̀. Bí kátíríìjì bá tán, ráífù di igi lásán, nígbà tí ṣakabùlà ṣì ń rí ọta irin jẹ. Láti Èkó ni kátíríìjì gbọ́dọ̀ ti wá, lórí ọ̀sà àti lórí orí aláàárù, pẹ̀lú owó gọbọi. Èmi gbà pé èyí wà lára ìdí tí ráífù kò fi parí ogun náà. Wọn kò pọ̀ tó, oúnjẹ wọn jìnnà, Ìbàdàn náà sì wá tirẹ̀ rí nígbà tí ó yá. Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ jagunjagun ní apá méjèèjì ń lò títí a fi kéde àlàáfíà ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1886. Síbẹ̀ àwọn ibùdó ogun kò tú pátápátá títí di ọdún 1893, nígbà ti Gómìnà Carter.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ òfin ọ̀pá àti ẹ̀tù. Ní ọdún 1888 wọ́n ṣe ráífù Lee-Metford, tí irin ìdí rẹ̀ jẹ́ èyí tí a ń fà sẹ́yìn tí a sì ń tì síwájú bí ìdábùú ilẹ̀kùn. Ẹ̀tù dúdú ni a kọ́kọ́ fi sínú ọta rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú kọ́dáìtì, tí iná rẹ̀ gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná náà jẹ ìlà inú ọ̀pá Metford, nítorí ìlà náà kò jìn. Ní ọdún 1895 wọ́n ní láti fi ọ̀pá mìíràn tí ìlà rẹ̀ jìn dípò rẹ̀. Bí a ti bí Lee-Enfield nìyẹn. Ní àkókò kan náà wọ́n ń yọ ọ̀pá ìbọn Martini-Henry àtijọ́, wọ́n sì ń fi ọ̀pá tuntun sí i kí ó lè máa jẹ ọta kan náà. Ohun tí ọdẹ ilẹ̀ wa mọ̀ nípa ṣakabùlà rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì tún fi owó ńlá kọ́: ẹ̀tù tuntun kò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀pá àtijọ́ láìwádìí.

Bí wọ́n ti ń tún tiwọn ṣe ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ tiwa. Ní ọjọ́ 2, oṣù keje, ọdún 1890, àwọn ìjọba ńlá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Brussels. Lára ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé a kò gbọ́dọ̀ kó ráífù ìgbàlódé wọ apá tí ó tóbi jù lọ nínú Áfíríkà. Ìbọn oníkùúta tí inú rẹ̀ kò ní ìlà àti ẹ̀tù lásán nìkan ni a lè tà. Òwò ẹrú ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ pa rẹ́, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún, ọdún 1892, ìbọn Maxim ni wọ́n gbé lọ bá àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀ràn náà ti yé ènìyàn gbogbo.

Àwọn ọmọ wa padà di ráífù mú, lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíràn. Nínú ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ru Lee-Enfield nínú igbó Burma, wọ́n sì dá a padà nígbà tí ogun parí. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ní orílẹ̀-èdè wa ka irú ráífù ológun bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tí a kà léèwọ̀. Kò sì fàyè gba ẹnikẹ́ni láti ṣe ìbọn tàbí ọta, tàbí láti tún wọn ṣe, níbi tí a kò bá ti fún un láṣẹ. Ṣakabùlà wà ní ìpín ọ̀tọ̀ nínú òfin náà.

Àwọn kan a máa sọ pé ọgbọ́n ni ó kù díẹ̀ káàtó fún àwọn baba wa, ni òyìnbó fi borí wọn. Ìtàn tí a sọ yìí kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ yọ níbẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìgbà Kírìjì mọ ohun tí wọ́n ń yọ, wọ́n sì yọ ọ́ títí agbára irin tí a fi ọwọ́ rọ fi tán. Ohun tí wọn kò ní ni ilé iṣẹ́ tí ń na idẹ, àti àkókò láti kọ́ ọ kí a tó ti ilẹ̀kùn.

Ohun kan kù tí a lè ṣe. Orúkọ tí àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ ní Ọ̀rà, Ìlá àti Òkè-Ìlá ń pe ẹ̀yà ìbọn kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, àti èèwọ̀ tí wọ́n ń pa mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń tún ọ̀pá ṣe, kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè wa bí ó ti yẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ẹ̀rí tí ó dájú jù lọ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti wà lédè Yorùbá. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ jẹ́ ọmọ agbègbè náà mú ìwé àti kálámù lọ bá wọn ní ìsinmi tí ń bọ̀. Ẹwìrì díẹ̀ ni ó ṣẹ́kù tí ń fẹ́ná, àwọn tí ń fẹ́ ẹ kò sì kéré lọ́jọ́ orí mọ́.