Alágbẹ̀dẹ Lẹ́yìn Ìbọn: Ìtàn Àtúnṣe Ìbọn Afẹ́fẹ́ àti Ohun tó Kàn Wá Nínú Rẹ̀

Ìfáàrà

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìtàn ìmọ̀ ẹ̀rọ, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe nǹkan la máa ń pè. Ta ló ṣe rédíò? Ta ló ṣe ọkọ̀ òfúrufú? Ó ṣọ̀wọ́n kí a béèrè ẹni tó ń tún un ṣe nígbà tó bá bàjẹ́. Ìbéèrè kejì yìí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tọpa rẹ̀, ìbọn afẹ́fẹ́ ni mo sì fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni ìbọn tí kò lo ẹ̀tù rárá. Afẹ́fẹ́ tí a kì mọ́ inú ìgò irin ló ń ti ọta jáde. Ní nǹkan bí igba ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, irú ìbọn yìí wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ológun ńlá kan ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò tí kò ju bí 33 lọ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ológun pa á tì. Àwọn arìnrìn-àjò lò ó lọ, wọ́n lò ó bọ̀. Èrò mi ni pé ẹni tó ń tún ìbọn náà ṣe ló fa ìyàtọ̀ yìí ju bí wọ́n ṣe ṣe ìbọn náà lọ. Èdè àti ìtàn ni iṣẹ́ tèmi o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kọ ọ́ fún jù.

Bí ìbọn náà ṣe rí

Bartolomeo Girardoni, oníṣẹ́ ìbọn láti agbègbè Tyrol, ló ṣe ìbọn tí ìtàn wa dá lé. Ẹgbẹ́ ológun Austria gbà á fún lílò ní 1780. Nígbà yẹn, ìbọn ṣakabùlà ni àwọn ológun Yúróòpù ń lò: wọn yóò da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wọn yóò fi ọta tẹ̀lé e, wọn yóò fi ọ̀pá kì í, òkúta ìbọn yóò wá ṣáná sí i. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá dáadáa lè yìn ín bí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ti Girardoni yàtọ̀. Ìdí ìbọn náà gan-an, èyí tí ológun ń fi ti èjìká, ni ìgò irin tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi awọ bò ó. Ọta bí 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tò sínú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìbọn. Ológun yóò gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀, yóò fi àtàǹpàkò ti irin kékeré kan, ọta kan yóò sì já bọ́ sí àyè rẹ̀. Bí ó bá fa ìbọn, òòlù kékeré inú rẹ̀, tí sípíríǹgì ń tì, yóò lu fáàfù. Fáàfù yóò ṣí, yóò sì tún padé kí ojú tó ṣẹ́, afẹ́fẹ́ yóò sì gbá ọta jáde. Kò sí èéfín, kò sí iná, ariwo rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀tù. Ọta kan tẹ̀lé òmíràn, láìdá ẹ̀tù, láìkì í.

Ẹni tó bá ti jókòó sídìí ẹwìrì rí ní ilé agbẹ̀dẹ kò ní ṣe iyèméjì pé afẹ́fẹ́ lágbára. Afẹ́fẹ́ ẹwìrì ló ń sọ ẹ̀yinná di ohun tó ń yọ́ irin. Fọganáísà ẹ̀bá títì náà mọ̀ ọ́n: afẹ́fẹ́ ló gbé ọkọ̀ tó ru ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́wàá dúró. Ohun tí Girardoni ṣe ni pé ó fi afẹ́fẹ́ náà pamọ́, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iye tí èyí ń náni. Kí ìgò kan tó kún, a ó fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù bí ìgbà 1,500. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, ọta tó lágbára tí yóò jáde nínú rẹ̀ kò ju bí 30 lọ. Àwọn 30 yìí pàápàá kò dọ́gba. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dín kù nínú ìgò ni agbára ọta ń dín kù, tí ọta sì ń tètè wálẹ̀. Ẹni tó bá to ìbọn rẹ̀ mọ́ ọta àkọ́kọ́ yóò rí i pé ọta karùndínlọ́gbọ̀n ń bọ́ sísàlẹ̀ ibi tó fojú sùn. Ní ti ìbọn ẹ̀tù, ìwọ̀n ẹ̀tù tí a bá dà sí i ni. Ní ti ìbọn afẹ́fẹ́, oníbọn gbọ́dọ̀ máa ka ọta rẹ̀ lọ́kàn, kí ó sì máa gbé ojú ìbọn sókè bí afẹ́fẹ́ ṣe ń lọ.

Bí àwọn ológun ṣe pa á tì

Austria lo ìbọn yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi tó nǹkan bí 1815, wọ́n ti kó o kúrò lọ́wọ́ àwọn ológun. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé ìbọn náà ṣáájú àkókò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí kò ṣàlàyé nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn láti rí. Awọ ni wọ́n fi ń dí ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà sá jáde, awọ tó bá sì gbẹ yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa jò. Ìgò irin náà ṣòro láti ṣe, kò sì fẹ́ ìkọlù. Fáàfù àti sípíríǹgì rẹ̀ gba ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ gan-an. Alágbẹ̀dẹ tó ń bá ẹgbẹ́ ológun rìn nígbà náà mọ ìbọn ṣakabùlà bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìbọn tó ń jò wá fún un, kí ni yóò fi tún un ṣe? Iye àwọn tó lè ṣe é kò tó nǹkan. Ìbọn tó bá bàjẹ́ lójú ogun di igi lásán lọ́wọ́ ẹni tó gbé e.

Ìbọn Lewis àti ọwọ́ Shields

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní 1803, Ààrẹ Thomas Jefferson yan Meriwether Lewis láti darí ìrìn-àjò kan gba orí odò Missouri lọ sí etíkun ìwọ̀-oòrùn. William Clark ni ẹnìkejì rẹ̀. Lewis ra ìbọn afẹ́fẹ́ kan fún ara rẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìtàn ti rò pé Isaiah Lukens ti ìlú Philadelphia ló ṣe é. Ṣùgbọ́n Thomas Rodney, tó rí ìbọn náà ní Wheeling ní oṣù kẹsàn-án 1803, kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ọta 22 ló ń gbà, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi gbà lónìí pé irú ti Girardoni ni.

Ìjàǹbá ni ó kọ́kọ́ fi ìbọn náà hàn. Ní 30 oṣù kẹjọ 1803, ní erékùṣù Brunot lẹ́bàá Pittsburgh, Lewis yin ín nígbà méje láti yáàdì 55, ó sì ṣe dáadáa. Ó wá gbé e fún ẹnìkan tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìbọn náà ṣàdédé yìn, ọta gba inú fìlà obìnrin kan tó dúró ní bí yáàdì 40 kọjá, ó sì ha á ní ẹ̀bátí. Ẹ̀rù ba gbogbo wọn pé ó ti kú. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò kú. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó rò pé eré ọmọdé ni ìbọn tí kò ní ẹ̀tù.

Ohun tó wù mí jù nínú ìmúrasílẹ̀ Lewis ni pé kì í ṣe ìbọn nìkan ló lọ wá ní ilé ìṣẹ́ ìbọn ìjọba tó wà ní Harpers Ferry. Ó gba àwọn ẹ̀yà ara ìbọn ní àfikún, ó sì mú alágbẹ̀dẹ dání. John Shields lorúkọ alágbẹ̀dẹ náà, ọmọ Virginia tí wọ́n bí ní 1769. Àgbà ni láàárín àwọn ọmọ ogun yòókù. Ní ìgbà òtútù 1804 sí 1805, nígbà tí wọ́n dúró lọ́dọ̀ àwọn ará Mandan, àgbàdo ni Shields àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn gbà. Wọ́n rọ àáké fún àwọn ará ìlú. Wọ́n tún gé irin ààrò tó ti jóná sí wẹ́wẹ́, fún irin kan tó fẹ̀ ní ínǹṣì 4 ní ìbú àti òró, àwọn ará ìlú ń san àgbàdo gálọ̀nù 7 sí 8. Bí kò bá sí ti agbẹ̀dẹ, ebi ì bá pa wọ́n.

Ní 10 oṣù kẹfà 1805, Lewis kọ ọ́ sílẹ̀ pé Shields ti fi sípíríǹgì tuntun sínú ìbọn afẹ́fẹ́ òun. Ẹ rántí pé aginjù ni wọ́n wà, wọ́n ti jìnnà sí ìlú èyíkéyìí tó ní ilé ìṣẹ́ ìbọn. Sípíríǹgì kì í ṣe ohun tí a kàn ń tẹ̀. A gbọ́dọ̀ rọ irin náà, kí a fi iná sọ ọ́ di líle, kí a sì tún fi ìwọ̀n iná díẹ̀ rọ líle rẹ̀, nítorí bó bá le jù yóò ṣẹ́, bó bá rọ̀ jù yóò tẹ̀, kò sì ní padà sípò. Ojú ni alágbẹ̀dẹ fi ń mọ ìwọ̀n iná náà, nípa àwọ̀ tí irin bá mú. Lewis fi kún un pé Shields kò kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kankan ní ìlànà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe púpọ̀ nínú irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ igi àti ti irin dáadáa.

Ní 7 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìbọn náà tún bàjẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, irin ìfojúsùn rẹ̀, ìyẹn irin kékeré tí oníbọn fi ń wò ó bóyá ọ̀pá ìbọn kọjú sí ibi tó fẹ́, ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ nítorí ìjàǹbá kan. Lewis fúnra rẹ̀ ló tún un tò, ó sì yìn ín títí ó fi padà bọ̀ sípò. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Ká ní àlàfo àárín irin iwájú àti ti ẹ̀yìn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80. Bí irin ẹ̀yìn bá yẹ̀ ní mílímítà 1 péré, ní mítà 50 ọta yóò fi mílímítà 62 yà kúrò. Ìwọ̀n yẹn tó láti fi tàsé orí àgbọ̀nrín. Ẹni tó bá ń tún un tò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ọta bá ń lọ sápá òsì, irin ẹ̀yìn ni yóò sún sápá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irin iwájú ló fẹ́ sún, apá òsì ni yóò sún un sí, ìyẹn ibi tí ọta ń lọ gan-an. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe ìdàkejì, tí wọ́n sì ń bú ìbọn.

Kí ni wọ́n ń fi ìbọn náà ṣe? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìfihàn ni. Wọ́n ń yìn ín lójú àwọn ọmọ onílẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé àlejò wọn ní agbára tí kò hàn sójú. Ní oṣù kẹjọ 1805, àwọn Shoshone pè é ní oògùn ńlá. York, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ẹrú Clark, náà wà lára ohun tí wọ́n ń wò pẹ̀lú ìyanu. Ìtàn yìí kò mọ́ tán, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n la kọjá bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ìbọn tó bá ń jò kò lè ṣe ìfihàn. Lójú mi, àfọwọ́rọ Shields ni oògùn náà.

Ní 20 oṣù kẹta 1806, bí wọ́n ti ń múra àtipadà sílé láti etíkun, Lewis jẹ́wọ́ pé bí kò bá sí àwọn ẹ̀yà àfikún tí wọ́n mú dání àti ọgbọ́n Shields, púpọ̀ nínú ìbọn wọn ni kì bá wúlò mọ́. Gbogbo wọn ló wà ní pípé.

Ohun tó kàn wá

Bí a bá yí ojú padà sílé, a ó rí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Alágbẹ̀dẹ Yorùbá, maƙeri ní ilẹ̀ Haúsá, àti àwọn alágbẹ̀dẹ Awka, gbogbo wọn ló ti ń tún ìbọn ṣakabùlà ṣe tipẹ́. Ìbọn àjèjì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n owú, ọmọ owú àti ẹ̀mú wa ká a. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwọn Èkìtì Parapọ̀ sì rí ìbọn tí wọ́n ń ki ọta bọ̀ láti ẹ̀yìn gbà láti Èkó, ọ̀nà mìíràn ṣí. Ìbọn náà yára, ó sì ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ti òkè òkun wá. Agbára ogun wá so mọ́ ọjà Èkó, ó kúrò ní ilé agbẹ̀dẹ.

Lónìí, ẹ wọ wọkiṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ ó rí ẹ̀rọ tí wọ́n kó dé pẹ̀lú ayẹyẹ, tí fáàfù kan ṣoṣo bàjẹ́ lára rẹ̀, tó sì ti di ibi tí àwọn ọmọ ń gbé báàgì lé. Owó rírà wà nínú ìṣirò; owó awọ, sípíríǹgì àti ẹni tí yóò fi wọ́n sí i kò sí níbẹ̀. Lewis, tó jẹ́ ológun, ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Mo fẹ́ kí àtúnṣe di kọ́ọ̀sì tó ní máàkì tirẹ̀ nínú NCE ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí ó má jẹ́ orí kan tí a ń sáré kà lópin sáà.

Kò pọn dandan kí ìbọn kankan wọ kíláàsì. Kò tilẹ̀ bójú mu, nítorí òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ tó fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: kí akẹ́kọ̀ọ́ tú u, kí ó wá ibi tó ń jò, kí ó gé awọ tuntun, kí ó fi òróró pa á, kí ó sì tò ó padà. Fún ẹ̀kọ́ ìfojúsùn, pákó kan àti ìṣó méjì ti tó. Kí a kan ìṣó méjèèjì mọ́ orí pákó, kí sẹ̀ǹtímítà 80 wà láàárín wọn, kí ọmọ kan fojú kan wò wọ́n títí wọn yóò fi bá àmì kan mu lára ògiri ní mítà 10. Kí a wá tún ìṣó ẹ̀yìn kàn ní mílímítà 1 sí ẹ̀gbẹ́, kí ọmọ kejì máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ojú ẹnìkínní bọ́ sí báyìí. Bí wọ́n bá fi rúlà wọ̀n ọ́n, yóò súnmọ́ mílímítà 12.