Gbèsè àtijọ́ àti gbèdéke òfin ní gúúsù Èkìtì

Gbèdéke ẹjọ́ gbèsè ni iye ọdún tí òfin fún olówó láti gbé onígbèsè lọ sílé ẹjọ́. Ní Emùré, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀, bíi ti gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ọdún mẹ́fà ni fún gbèsè tó ti inú àdéhùn lásán wá: owó yíyá, ọjà àwìn, owó iṣẹ́ tí a kò san, owó báńkì. Káàdì tí wọ́n fi ń rajà láwìn kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú káàdì tó wà lápò àwọn èèyàn, owó ara wọn tó wà ní báńkì ni wọ́n fi ń gbà. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, olówó sogúndogójì, áàpù ayáwó orí fóònù, àti àwọn báńkì kéékèèké tí àwọn obìnrin ọjà ń pe owó wọn ní gbọ́múlélántà, ni gbèsè ti ń wá.

Òfin yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa látìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ṣòfin ọdún mẹ́fà láyé Ọba James Kìíní, ní 1623. Ó wọ ìwé òfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti 1959. Ìpínlẹ̀ Oǹdó jogún rẹ̀ ní 1976, Èkìtì sì gbà á lọ́wọ́ Oǹdó nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996.

Láyé àtijọ́, kò sí iye ọdún tó ń pa gbèsè rẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ròyìn ológò, ẹni tí àwọn aláṣẹ ìlú gbà láyè láti lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Ó ròyìn ìwọ̀fà pẹ̀lú, ẹni tí wọ́n fi dógò sọ́dọ̀ olówó, tó lè jẹ́ ọmọ onígbèsè. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé ni wọ́n kà á sí. Kò dín ojú owó kù rárá, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi lè sin olówó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí owó náà sì wà bó ṣe wà. Nígbà tí kókó di ọrọ̀ Èkìtì, ọ̀pọ̀ ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí fi oko dógò dípò ọmọ: olówó á máa ká kókó lọ títí wọn yóò fi dá owó rẹ̀ padà.

Ibí yìí ló ti dáa jù láti dúró díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdógò ni àwọn èèyàn ń ṣì mú jù. Ilẹ̀ tí a fi dógò lábẹ́ àṣà kò ní gbèdéke. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Kofi àti Kofi láti ilẹ̀ Gánà ní 1933, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà sì tẹ̀ lé e nínú ẹjọ́ Okoiko àti Esedalue ní 1974: ohun ìdógò kò lè di ti olówó láé, ọmọ-ọmọ ẹni tó fi í dógò lè wá rà á padà. Òfin 1959 fúnra rẹ̀ yọ ilẹ̀ tí a ní lábẹ́ àṣà sílẹ̀. Nítorí náà ìdílé kan lè gba oko kókó tí bàbá àgbà fi dógò láyé òyìnbó, nígbà tí ẹni tó yá aládùúgbò rẹ̀ lówó ní 2012 tó sì dákẹ́ kò ní ẹjọ́ kankan nílẹ̀ mọ́.

Ní ti gbèsè àdéhùn lásán, ọjọ́ tí owó bọ́ sọ́wọ́ onígbèsè kọ́ ni a ti ń ka ọdún mẹ́fà náà, bí kò ṣe ọjọ́ tó yẹ kó san tí kò san. Ẹjọ́ Egbe àti Adefarasin ti 1987 fi bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ hàn: ẹ wo ọjọ́ tí olùpẹjọ́ kọ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tó mú ìwé náà wá sí kóòtù. Ká ní àgbẹ̀ kan ní Emùré ní owó láti san ní oṣù kẹta 2015, ẹnu ọ̀nà kóòtù ti sé mọ́ olówó rẹ̀ ní oṣù kẹta 2021. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ náà bá san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà péré nínú rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2019, kíkà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó di oṣù kẹfà 2025. Ìwé tó bá fọwọ́ sí pé òun ṣì jẹ gbèsè náà yóò ṣe bákan náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Olówó tó mọ òfin mọ èyí dáadáa, àwọn onígbèsè ni kì í sábà mọ̀.

Gbèdéke kò pa gbèsè rẹ́. Ó kàn gba ẹjọ́ lọ́wọ́ olówó ni. Onígbèsè ló sì gbọ́dọ̀ gbé gbèdéke náà kalẹ̀ nínú ìwé àwíjàre rẹ̀. Bí ẹjọ́ bá bọ́, ọ̀pọ̀ olówó a sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Àwọn báńkì ní ọ̀nà mìíràn. Láti 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí báńkì tó yáni lówó fi lè fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì onígbèsè ní báńkì mìíràn, nípasẹ̀ nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì (BVN), láìdé kóòtù, bí onígbèsè bá ti fọwọ́ sí i nígbà tó ń yá owó.

Fún àwọn ọmọ Èkìtì tó wà lókè òkun, tí káàdì àwìn jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ fún, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ọdún mẹ́fà náà ni ní England. Ní Scotland ọdún márùn-ún ni, gbèsè fúnra rẹ̀ a sì kú níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ New York dín tirẹ̀ kù láti mẹ́fà sí mẹ́ta ní 2022, fún gbèsè tí èèyàn jẹ fún ìlò ara rẹ̀ tàbí ti ìdílé rẹ̀. Láti òpin 2021 sì ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti kà á léèwọ̀ fún àwọn agbowó-gbèsè láti pe ẹjọ́, tàbí láti fi ẹjọ́ halẹ̀, lórí gbèsè tó ti kọjá gbèdéke.

Ẹni tí wọ́n bá fi gbèsè ọdún pípẹ́ lọ̀, kó béèrè ìwé rẹ̀, kó wo ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ti san án, kó sì bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kó tó san kọ́bọ̀ tàbí kó fọwọ́ sí ohunkóhun.