Ta Ló Máa Bá Wa Wọ Dungeon? Ìtàn Ìkẹ́gbẹ́ àti Ìwà Ọmọlúàbí nínú Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Nínú àwọn géèmù tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibì kan wà tí ẹnì kan kì í sábà dá wọ̀. Dungeon ni wọ́n ń pè é: ihò abẹ́lẹ̀, ilé olódi tàbí ahoro tó kún fún iwin àti ẹranko abàmì, tí olórí wọn sì jókòó ti ìṣúra ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938 mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Kàkó gbé kùmọ̀, Ìmọ̀dóyè ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn, wọ́n sì jọ kọrí sí Òkè Lángbòdó. Ọba ló rán àwọn yẹn níṣẹ́. Nínú géèmù, kò sí ọba. Ẹni tó fẹ́ lọ ni yóò wá ẹni tí yóò bá a lọ, ibẹ̀ sì ni ìjọ̀ngbọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, ìṣòro náà kò le. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń gbá Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Ojúlùmọ̀ ló máa ń yí tábìlì ká, ẹni tó bá hùwàkiwà, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á bá a wí. Ní 1978, Roy Trubshaw, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ géèmù orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní MUD, Richard Bartle sì gba iṣẹ́ náà ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí àwòrán níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ní 1991 ni DikuMUD jáde láti Yunifásítì Copenhagen ní Denmark, ọ̀pọ̀ géèmù tó tẹ̀ lé e ló sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: tank ń fi ara gba ìyà, healer ń wo ọgbẹ́, àwọn yòókù ń lu ọ̀tá pa. Títí dòní, gbogbo ayé ló fẹ́ lu ọ̀tá. Àwọn tó fẹ́ gba ìyà kò pọ̀.

EverQuest, tó jáde ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1999, ló sọ ọ̀rọ̀ di ńlá. Ènìyàn mẹ́fà ló ń di ẹgbẹ́ kan, ṣùgbọ́n dungeon kan náà ni gbogbo èrò orí sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé géèmù náà ró, jọ ń lò. Ní Guk, ìlú àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ti òkú, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ dé yàrá kan ló ni ín. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn á ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀, á sì máa dúró títí oorun yóò fi kun ẹnì kan nínú wọn. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló ṣe òfin yẹn, àwọn tó ń gbá a ló gbé e kalẹ̀. Tí ìjà bá wá yíwọ́, tí ènìyàn ń sá lọ sẹ́nu ọ̀nà tí ọ̀wọ́ iwin sì ń lé e bọ̀, ó gbọ́dọ̀ pariwo “train!” kí àwọn tó wà níwájú lè yà. Ẹni tí kò bá pariwo yóò gbọ́ èébú. Ikú níbẹ̀ nígbà náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín: ẹrù rẹ yóò wà lára òkú rẹ nínú ihò, ọwọ́ òfìfo lo máa fi padà lọ gbé e.

Nítorí náà, bí àáró ni ọ̀rọ̀ rí: ẹni tó bá jẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn tí kò san án, ebè rẹ̀ ni yóò dá kọ. Orúkọ ènìyàn lórí sáfà ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kì í sì í pẹ́ kí gbogbo èrò tó mọ olè.

World of Warcraft dé ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2004. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ènìyàn márùn-ún, ní dungeon tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè yọjú sí. Ìjà yàrá parí, ó ku ìjà ẹrù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà pín in ni pé kí kálukú sọ bóyá òun nílò nǹkan náà tàbí ó kàn wu òun, kí kọ̀ǹpútà sì ṣẹ́ nọ́ńbà láti 1 dé 100. Ẹni tó bá pe ohun tí kò lè lò ní ohun tó nílò, “ninja” ni wọ́n ń pè é. Ní 2005, fídíò Leeroy Jenkins gba ayé kan: bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣírò ìjà lọ́wọ́, ó kígbe orúkọ ara rẹ̀, ó sáré wọlé, gbogbo wọn sì kú. Eré tí wọ́n dìídì ṣe ni, àmọ́ ta ni kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2009 dé, tí Dungeon Finder wọ géèmù náà. Tẹ bọ́tìnnì kan, kọ̀ǹpútà yóò ṣa ènìyàn mẹ́rin fún ọ láti oríṣiríṣi sáfà, yóò sì gbé yín dé ibẹ̀. Ariwo wíwá ẹgbẹ́ dín kù. Ní tèmi, ohun tó bà jẹ́ ju ohun tó tún ṣe lọ, nítorí àlejò tí ẹ kò ní pàdé mọ́ kò ní ojú tí yóò tì í. Ẹ kú kò sí, ó dàbọ̀ kò sí. Ohun tí ìtìjú ń ṣe tẹ́lẹ̀ wá di iṣẹ́ òfin: ẹgbẹ́ lè dìbò lé ènìyàn jáde, ẹni tó bá sì sá kúrò yóò jìyà ìsáǹsá, kò ní lè wọlé mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Tank ṣì wọ́n títí dé 2011, tí ilé iṣẹ́ náà fi ń fún ẹni tó bá gbà láti ṣe é ní àpò ẹ̀bùn.

Ìyà ìsáǹsá yìí ló kan wa jù ní Ìlọrin. Sáfà ilẹ̀ Yúróòpù ni ẹni tó ń gbá géèmù yìí níbí sábà ń lò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò gba Èkó kọjá sínú òkun, lórí wáyà bíi MainOne, tó gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà títí dé Pọtogí, tí wọ́n ṣí ní 2010. Healer tó wà ní àdúgbò Tanke lè tẹ ìwòsàn lásìkò, kó dé lẹ́yìn ikú. Tí NEPA bá tún mú iná lọ, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n sí àìríná. Àwọn tó kù nínú ihò á ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú yìí sì kúkú ń gbá PUBG Mobile lórí fóònù: kò sí dungeon ńlá níbẹ̀, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin ni, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń rò. Ẹni tó bá mọ̀ pé bátìrì òun kò ní pẹ́ kú máa ń tètè sọ, èyí sì ni ìwà ọmọlúàbí tí kò sí nínú òfin ilé iṣẹ́ kankan.

Àwọn mìíràn gbìyànjú ọ̀nà tó rọ̀. Final Fantasy XIV, nígbà tó tún dìde ní 2013, jẹ́ kí kálukú yin ẹnì kan nígbà tí ìrìn bá parí. Bí ẹnì kan bá sì jẹ́ àkọ́wọlé, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń gba ẹ̀bùn kún ẹ̀bùn, kí wọ́n má baà lé ọ̀gbẹ̀rì. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. World of Warcraft gba ibòmíràn: ní 2016 ó mú dungeon tí wọ́n ń fi aago sáré wá, orúkọ rere sì padà dé gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà. Máàkì Raider.IO rẹ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbà ọ́, bó o bá sì jẹ́ ẹni tuntun, ibo lo ti fẹ́ rí máàkì?

Àwọn kan ṣáà ń ṣàárò àtijọ́. Nígbà tí wọ́n tún Wrath of the Lich King, apá kan World of Warcraft àtijọ́, gbé jáde ní 2022, wọ́n yọ Dungeon Finder kúrò kí àwọn ènìyàn lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi dá a padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, World of Warcraft ṣí dungeon tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti ń ṣe tank, healer àti gbogbo ẹni tó bá kù. Wọn kì í du ẹrù, wọn kì í bú ọ̀gbẹ̀rì, wọn kì í sì í dìbò lé ẹnikẹ́ni jáde.