Ojú Irin àti Ọjà Ìbàdàn
Kí ojú irin tó dé Ìbàdàn, Ọjà'ba ni ọkàn ìlú. Ibẹ̀ ni àwọn jagunjagun kọ́kọ́ fi ṣe ibùdó ní nǹkan bí ọdún 1829. Ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ìlú ti pàdé. Ní oṣù kẹta ọdún 1901, wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n rélùwéè kò wọ àárín ìlú. Apá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ rẹ̀ sí. Àwọn oníṣòwò òyìnbó tẹ̀lé e lọ, Gbági àti Dùgbẹ̀ sì di ojúkò òwò kòkó àti aṣọ. Nígbà tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní ọdún 1929, àṣẹ ṣì wà lórí òkè, ṣùgbọ́n owó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀bá ojú irin. Ogun kọ́ ni ó gba ipò lọ́wọ́ Ọjà'ba. Ọ̀nà ni ó yà.